Àtàǹpàkò Kóòṣì

Ẹ̀yìn ni ọmọbìnrin kan fi ń lúwẹ̀ẹ́ bọ̀, ó kọjú sókè. Ìyẹn ló jẹ́ kó rí i: àtàǹpàkò kóòṣì rẹ̀ ti tẹ aago tó fi ń wọn eré rẹ̀ dúró kí ọwọ́ rẹ̀ tó kan ògiri.

"Ẹ wo eré! Àbí ẹja kọ́ nìyí?" Kóòṣì ń pariwo, ó na aago sójú ọ̀gá tí yunifásítì rán wá yan òmùwẹ̀.

Ọmọ náà gbọ́ ọ. Gbogbo òwúrọ̀ tí òtútù ti ń nà án nínú omi yìí, ṣé irọ́ ni wọ́n fẹ́ fi pa á rẹ́? Ó jáde, omi ń kán tó-tó-tó lára rẹ̀, ó lọ bá ọ̀gá náà.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, mi ò tíì dé ògiri tí wọ́n fi tẹ aago. Ẹ jẹ́ kí n tún un ṣe."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. "Mo rí i, ọmọ mi. Bí èmi náà ṣe tẹ̀ ẹ́ fún kóòṣì rẹ nìyẹn nígbà tó wà níléèwé bíi tìẹ. Fọkàn balẹ̀, a ti mú ẹ."

Kóòṣì pàtẹ́wọ́. Ọmọbìnrin náà padà sétí omi, ó kúnlẹ̀, ó ń fọ ọwọ́ tí wọ́n bọ̀.