Fírísà Motaleb

Ọ̀kánjúwà ni àrùn tó ń ṣe Motaleb, mi ò ní fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó mọ́lẹ̀. Páànù ìbolé ló ń tà ní ìlú wa Netrokona níbí. Ọlọ́hun ṣí ọ̀nà fún un títí ó fi kọ́lé, síbẹ̀ ahun paraku ni. Ògiri kan ló wà láàárín ilé rẹ̀ àti tèmi, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ti sú mi tipẹ́.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, fíríìjì ilé rẹ̀ kú nígbà tí ooru mú jù. Wàrà ń bàjẹ́ kí Jhumur ọmọ rẹ̀ tó mu ún. Ọbẹ̀ ẹ̀wà dáàlì tí Hasna ìyàwó rẹ̀ bá sè láàárọ̀ yóò ti kan kó tó di ọ̀sán. Ojoojúmọ́ ni obìnrin yìí ń da oúnjẹ nù, ojoojúmọ́ ló ń bẹ ọkọ rẹ̀ pé kó ra fíríìjì mìíràn. Ìdáhùn Motaleb ni pé ó di ìgbà tí Iléyá bá kù díẹ̀.

Nígbà tó yá, ó ní kí n bá àwọn lọ sí ṣọ́ọ̀bù láti bá òun nájà. Èrò kún ibẹ̀ fọ́fọ́, nítorí àsìkò Iléyá ni gbogbo ayé ń ra fíríìjì lọ́dọ̀ wa. Hasna lọ dúró ti ọ̀kan tó ní ilẹ̀kùn méjì, tó ní àyè ẹyin, àyè ẹ̀fọ́ àti àyè wàrà.

Ó ní, "Bàbá Jhumur, èyí ló máa dáa fún wa."

Motaleb ò tiẹ̀ wo ibẹ̀. Ìdí fírísà onídèérí kan, gbàgàdà bíi pósí, ló lọ. Ó ṣí i, ó ki orí bọ inú rẹ̀.

Ó bi ẹni tó ń tajà pé, "Ṣé màlúù á wọ inú ẹ̀?"

"Ẹ̀gbọ́n, tẹ́ ẹ bá ti gé e, á wọ̀ ọ́!"

Hasna ní, "Bàbá Jhumur, eléyìí á sọ wàrà di òkúta. Ibo ni n ó gbé ọbẹ̀ sí?"

"Ọbẹ̀ lò ń rò? Tí mo bá kó ìpín ẹran Iléyá mi sínú eléyìí, a ò ní ra ẹran mọ́ títí ààwẹ̀ á fi dé. Gbogbo àwọn tó ń wá nawọ́ lẹ́nu ọ̀nà mi, kí wọ́n gba ọjà lọ!"

"Kohinur ńkọ́?"

Kohinur ni àbúrò rẹ̀ obìnrin, opó tó ń gbé lábúlé ìtòsí. Àwọn ọmọ rẹ̀ kì í fẹnu kan ẹran màlúù àfi lọ́jọ́ Iléyá.

"Kí Kohinur jẹ ẹja. Ṣebí ẹ̀bá odò ló ń gbé!"

Ó bú sẹ́rìn-ín. Mo wo ojú Hasna, omi ti lé ròrò síbẹ̀. Inú bí mi gan-an. Motaleb sanwó fírísà náà.

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Àlhájì Sobhan, olórí àwa méje, èmi àti Motaleb pẹ̀lú, tí a jọ ń dáwó ra màlúù Iléyá, dúró lẹ́yìn wa níbẹ̀, ó wá ra fáànù. Ó san owó fáànù, ó bá tirẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ó pe gbogbo wa jọ síwájú mọ́ṣáláṣí.

"Motaleb, mo gbọ́ ọ̀rọ̀ tó o sọ lánàá. Ìjọsìn lò ń wá ni, àbí ẹran?"

"Àlhájì, eré ni mò ń ṣe o!"

"Fírísà tó o rà ńkọ́, ṣé eré lòun náà?" Àlhájì na owó tí Motaleb ti dá padà sí i. "Àlùfáà kọ́ wa pé tí ẹnì kan nínú àwa méje bá ń ro ẹran nìkan lọ́kàn, ti gbogbo wa ló bàjẹ́. Mi ò ní jẹ́ kí ikùn ẹ ba ìjọsìn mi jẹ́. Gba owó ẹ."

Motaleb kọjú sí mi. "Ìwọ náà sọ̀rọ̀! Ṣebí o wà níbẹ̀!"

Mo ní, "Mo wà níbẹ̀. Ìdí tí mi ò fi ní ọ̀rọ̀ sọ nìyẹn."

Ó sáré kiri ọ̀dọ̀ àwọn tó ń dáwó ra màlúù, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti dé ibẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Ó lọ wo ewúrẹ́, ó ní wọ́n ti gbówó lé e jù, ó ń ná an títí ọjà fi tú. Ó padà sí ṣọ́ọ̀bù pé kí wọ́n bá òun pààrọ̀ fírísà sí fíríìjì, wọ́n ní àwọn kì í gba ọjà ọdún padà. Nílé, ìgò wàrà dì, ó sì fọ́ sínú fírísà náà. Hasna ṣa èéfọ́ rẹ̀ jáde.

Lọ́jọ́ Iléyá, ẹran ń ta sánsán ní gbogbo àdúgbò, àfi ilé Motaleb. Àwọn aláìní ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, wọn ò tiẹ̀ dúró. Mo gbé ìpín aládùúgbò lọ fún Hasna, mo sì bá Kohinur níbẹ̀ pẹ̀lú àpò ọ̀rá lọ́wọ́.

Ó ń sọ fún Motaleb pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, mo gbọ́ pé ẹ ò pa ẹran. Àwọn ará àdúgbò yín fún mi, ó pọ̀. Ẹ gbà nínú ẹ̀, kí Jhumur má bàa máa wo ẹnu àwọn ọmọ ẹlòmíì."

Motaleb ò lè gbórí sókè. Ó ní kí Hasna lọ kó o sínú fírísà.

Hasna dáhùn pé, "Inú ìkòkò ló ń lọ, Bàbá Jhumur. Ẹran sàráà opó ò tó tọ́jú."

Lójú gbogbo wa, ọkùnrin tó ní kí àbúrò rẹ̀ lọ jẹ ẹja jókòó, ó jẹ nínú ẹran tí àbúrò rẹ̀ tọrọ.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí yé wa. Ẹni tó bá fẹ́ ra nǹkan sílé, kó bi àwọn ará ilé léèrè ohun tó ń ni wọ́n lára, nítorí ikùn ẹnì kan kọ́ ni ilé. Ìpín tí Ọlọ́hun sì bá fi sọ́wọ́ wa fún ẹlòmíràn, ẹ má jẹ́ kí á wá ibi tí a ó kó o pamọ́ sí. Ọ̀kánjúwà pẹ̀lú olè, déédé ni wọ́n jẹ́.