Ta Ni Yóò San Owó Oògùn Ikọ́ Mi?

Ẹ̀yin tó ń jà níbí lórí owó oògùn ọmọ láàárín tọkọtaya tó ti pínyà, ẹ gbọ́ tèmi.

Ọdún 1964 ni, l'Ájàṣẹ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti kúrò níbẹ̀, àmọ́ mò ń wò ó bí ẹni pé òní ni.

Bàbá mi àti ìyá mi ti pínyà. Bàbá mi ń gbé ní àdúgbò Akron. Èmi àti ìyá mi ń gbé ní Akpro-Missérété, ìlú kékeré tó wà nítòsí.

Àwọn àgbà ti ní àwọn méjèèjì ò gbọdọ̀ fojú kan ara wọn, àfi nílé ìwòsàn, níbi tí kálukú ti ń san ìdajì owó oògùn mi.

Bí wọ́n bá rú òfin yìí, Táńtí Kafayátù, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, yóò mú mi lọ sílé rẹ̀ ní Sèmè.

Lọ́jọ́ kan nílé ìwòsàn, Táńtí jókòó sáàárín wọn bí ọlọ́pàá.

Bàbá mi ní, "Ìdajì tèmi rèé. Tìẹ dà, Ìyá Ìdáyátù?"

"Ṣé ojú ẹ fọ́ ni? Kí ló wà lọ́wọ́ mi yìí?"

Obìnrin alábẹ́rẹ́ bi ìyá mi pé, "Ṣé ọmọ ṣì ń wúkọ́?"

Bàbá mi gbà á lẹ́nu rẹ̀. "Háà! Lóru àná, títí ilẹ̀ fi mọ́! Mi ò fojú kan oorun!"



Táńtí rọra yíjú sí i. "Mùfútáù, Akpro-Missérété lọmọ sùn. Ìwọ ńkọ́?"

Ìyá mi ń tún gèlè wé.

Ni mo bá mọ̀ọ́mọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, àwúdọ̀bálẹ̀.

Bàbá mi fò dìde: "Ẹ fún un ní ìgò méjì! Èmi nìkan ni n ó san án!"