Ọṣẹ Eérú Ìyá Victoria

Ẹ ka ìtàn yìí dé òpin, ẹ má kàn fojú fò ó. Bí ẹ bá ń ṣe ọṣẹ tà, bí ẹ bá ń rà á, tàbí bí ọmọ kékeré bá wà nílé yín tó ń tọwọ́ bọ gbogbo ohun tó bá rí, ẹ̀yin gan-an ni mo ń bá sọ̀rọ̀.

1.

Ní Okokomaiko, obìnrin Ẹ̀gbá kan wà tó ń jẹ́ Morádéyọ̀. Ìyá Victoria ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Opó ni, Victoria yìí nìkan ló sì bí. Ọṣẹ olómi tí wọ́n fi ń fọṣọ ló ń ṣe. Á ṣa èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ jọ lọ́dọ̀ àwọn tó ń dín dòdò, á sá a gbẹ, á sun ún di eérú, á sẹ́ omi eérú náà, á wá fi àdín sè é. Iṣẹ́ àṣelàágùn ni, ṣùgbọ́n ọṣẹ náà dára. Ó ń bó ìdọ̀tí lára aṣọ, kì í bó ọwọ́ ẹni tó ń fọ̀ ọ́.

Ìyànà Ìbà ló ń pàtẹ sí. Ibẹ̀ ló ti máa ń pariwo pé: "Kò sí kẹ́míkà níbẹ̀ o! Eérú àti àdín ni! Ẹ lè fi fọ aṣọ ọmọ tuntun!" Òótọ́ ló sì ń sọ nígbà náà.

2.

Òjò wá dé, èèpo kò gbẹ mọ́. Àwọn oníbàárà kò yéé béèrè, Ìyá Victoria kò sì fẹ́ kí ẹlòmíràn gba ipò rẹ̀. Ó lọ ra kọ́sítíìkì, kẹ́míkà tí wọ́n fi ń rọ́pò omi eérú, lọ́wọ́ oníkẹ́míkà.

Onítọ̀hún kìlọ̀ fún un: "Màámi, ẹ rọra o. Ó ń jó ara. Tó bá ta sí yín lára, omi púpọ̀ ni kẹ́ ẹ máa dà sí i kíá, kẹ́ ẹ sì wá dókítà lọ."

Ó gbọ́. Ó délé, kò wọn nǹkan kan, ojú ló fi díwọ̀n. Ó bu eérú díẹ̀ sí i kó lè dúdú bíi ti tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ìka ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bó, ó ní ọyẹ́ ni. Ẹ gbà mí, ọyẹ́ wo ló ń jà nínú òjò?

Ariwo tó ń pa lọ́jà kò yí padà. Kò sọ fún Victoria pàápàá, tó ń gbé ní Ìbà pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ àti Dára, ọmọ rẹ̀ tí wọn kò tíì já lẹ́nu ọmú. Lọ́jọ́ kan tí ìyá kò sí nídìí àtẹ, Victoria kọjá, ó mú ike ọṣẹ kan bó ṣe máa ń ṣe. Nígbà tí ìyá gbọ́, ó ní òun á sọ fún un lọ́la. Bó ṣe ń sọ ọ́ lójoojúmọ́ nìyẹn.

3.

Ìyáàfin Ṣọlágbadé, ìyá ìjọ aláṣọ funfun kan, kó àwọn obìnrin ìjọ rẹ̀ wá síwájú àtẹ. Ìkórè wọn ń bọ̀, wọ́n fẹ́ ra ọṣẹ tí wọn yóò fi fọ sùtánà gbogbo ìjọ. Ìyá Victoria ń rẹ́rìn-ín títí dé etí. Ni fóònù bá dún. Fóònù náà ti bàjẹ́, àfi kó gbé e sí sípíkà kó tó lè gbọ́ ọ̀rọ̀.

"Màmí! Dára ti ọwọ́ bọ ọṣẹ, ó fi nujú! Kò lè lajú mọ́! Ṣé kí n gbé e lọ ọsibítù?"

Àwọn obìnrin náà wo ara wọn. Ìyá ìjọ béèrè pé, "Ṣé ọṣẹ yìí náà ni?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ohun tó yẹ kó sọ kò gùn. Ó ti dé ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀: da omi sí i, sáré lọ ọsibítù. Ó wo ojú àwọn oníbàárà rẹ̀, ó gbé e mì. Ó tún rẹ́rìn-ín.

"Victoria, ìwọ náà ń páyà jù. Eérú àti àdín lásán! Fún omi ọyàn sí i lójú, kó o pọ̀n ọ́n. Á sùn."

"Ṣé ó dá yín lójú, Màmí?"

"Èmi tí mo ṣe é, ṣé mi ò ní mọ̀ ọ́n ni?"

Ó bu ọṣẹ fún wọn. Bí wọ́n ṣe kẹ́yìn sí i, ó pe Victoria, Victoria kò gbé fóònù. Ó fi àtẹ sílẹ̀, ó bọ́ sínú kẹ̀kẹ́ Márúwá.

4.

Ó bá Victoria lẹ́nu ọ̀nà, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Màmí, mo ṣe bẹ́ ẹ ṣe ní kí n ṣe. Ó ti sùn."

Ẹkún ló mú Dára sùn, ó sì ń ṣe òsúkè lójú oorun. Ìyá àgbà já ọmọ gbà, ó gbé e sídìí ẹ̀rọ omi, ó ń da omi sí i lójú, ó ń ké. Ẹyinjú ọmọ náà ti funfun bí ẹ̀kọ.

"Kí lẹ ń ṣe? Ṣebí eérú ni!"

"Kọ́sítíìkì wà ńbẹ̀, Victoria. Ọlọ́run dákun!"

Ní ọsibítù, dókítà ní ká ní wọ́n ti da omi sí i lójú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, bóyá wọn ì bá rí ojú náà gbà. Ojú méjèèjì ló lọ.

Victoria kò pariwo. Ó kàn bi ìyá rẹ̀ pé: "Nígbà tí mo pè yín, ṣé ẹ ti mọ̀?"

Ìyá kúnlẹ̀ fún ọmọ tó bí nínú ara rẹ̀. Victoria gbé Dára, ó jáde, kò wẹ̀yìn.

Dára ti ń rìn báyìí, ó ń fọwọ́ tá ògiri. Bó bá gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀, á yí síbẹ̀, á rẹ́rìn-ín. Ohùn ìyá àgbà rẹ̀ ni kò mọ̀, torí Victoria kò jẹ́ kí ìyá àgbà náà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́.

Mo bẹ̀ yín, ẹ̀yin tó ń ṣe ọṣẹ, ẹ sọ ohun tó wà nínú ọjà yín, ì báà jẹ́ pé kò ní tà mọ́. Ẹ̀yin abiyamọ, bí ọṣẹ bá ta sí ọmọ lójú, ẹ má fún omi ọyàn sí i, ẹ má da epo sí i. Omi tó mọ́ ni kẹ́ ẹ máa dà sí i, kẹ́ ẹ sì gbé e lọ ọsibítù. Ẹ má dúró gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn; gbogbo àgbà ìlú pé, wọn ò rí oògùn àbámọ̀.