Ta Ló Ń Tẹ Búrèkì?

Olùkọ́ awakọ̀ náà tú pátákó L àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kúrò níwájú Fọ́síwágìn rẹ̀, ó jù ú sẹ́yìn ọkọ̀, ó sì pòṣé.

"Ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo ti ń kọ́ gbogbo Ẹ̀gbẹ́dá ní mọ́tò wíwà. Ẹ wá ní ẹ fẹ́ máa dán mi wò ní ọdún méjì méjì! Ta ló ń kọ́ ẹja ní odò wíwẹ̀?"

Obìnrin tí ìjọba rán wá dán an wò ti jókòó sọ́wọ́ ọ̀tún, níbi tí olùkọ́ fúnra rẹ̀ máa ń jókòó, tí búrèkì kejì wà.

"Òfin ni, sà. Ẹni tó bá fìdí rẹmi kò gbọdọ̀ kọ́ni mọ́. Ẹ jẹ́ ká lọ."

"Nígbà tí mo gba láísẹ́ǹsì, ìyá rẹ ò tíì mọ bàbá rẹ, jàre."

Mọ́tò náà ta gìrì lẹ́ẹ̀mejì kó tó gbéra.

"Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló ba kílọ́ọ̀ṣì jẹ́."

Ó kù díẹ̀ kí wọ́n dé Gowon Estate ni ewúrẹ́ kan já sójú títì. Olùkọ́ náà yíjú sí obìnrin náà, ó figbe ta:

"Búrèkì! Olóríburúkú, mo ní o tẹ búrèkì!"

Obìnrin náà tẹ̀ ẹ́. Mọ́tò dúró. Ewúrẹ́ náà wò wọ́n, ó sì rọra kọjá.

Obìnrin náà kò kọ nǹkan kan sínú ìwé. Ó nawọ́ sẹ́yìn ọkọ̀, ó mú pátákó L, ó nu eruku ojú rẹ̀, ó sì gbé e lé olùkọ́ náà lórí itan.

"Ẹ lọ so ó padà, sà."