Tábìlì Kẹrin

Kí ọkọ̀ ojú omi tó gbé Kingsley dé Abereke, Moríkẹ́ ti nu tábìlì kẹrin lẹ́ẹ̀mejì. Àyè Rejoice, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ni, láàárín àwọn tó ń ṣa ìdọ̀tí kúrò nínú edé yíyan. Tábìlì kẹta, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ni tirẹ̀.

Alhaja Mùínátù, tó ni ilé iṣẹ́ náà, pe Kingsley àti Moríkẹ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀. Kingsley, ẹni tó ní kó wá wo ohun tó ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn, ṣí kọ̀ǹpútà. Ó ti kó gbogbo àkókò tí Moríkẹ́ kọ sínú ìwé fún ọ̀sẹ̀ méjì sínú rẹ̀. Lójú kọ̀ǹpútà, edé kúrò níbi ìfọ̀, ó dé ààrò, ó dé orí àwọn tábìlì. Iṣẹ́ odindi ọjọ́ kan parí kí èèyàn tó mu omi ife kan tán.

“Ibí ló ti ń há, mà,” ni Kingsley wí. “Tí tábìlì kẹta bá ń ṣiṣẹ́, ìkẹrin á dúró. Tí ìkẹrin bá bẹ̀rẹ̀, ìkẹta á dúró.”

Alhaja wo Moríkẹ́.

“Ọmọ mi ò lọ́ra,” ni Moríkẹ́ wí. “Ọwọ́ rẹ̀ yá ju tèmi lọ.”

“Màmá, mi ò bú u. Bóyá ẹ̀yin méjèèjì ń tàkúrọ̀sọ jù ni.”

“A máa ń sọ̀rọ̀.”

Kingsley rẹ́rìn-ín. “Mo yọ tábìlì kẹrin kúrò nínú kọ̀ǹpútà wò, iṣẹ́ sì yá. Ẹ jẹ́ kí Rejoice lọ síbi ààrò.”

“Èéfín máa ń dà á láàmú. Bó bá dé tí kò bá àyè rẹ̀ ńkọ́?”

“Ṣé kò tíì dé lónìí ni?”

“Kò tíì dé.”

“Moríkẹ́, ó tó,” ni Alhaja wí, jẹ́jẹ́. “Máa lọ síbi iṣẹ́ rẹ.”

Nígbà tí Alhaja àti Kingsley gba orí afárá pákó tẹ̀ lé e, Moríkẹ́ ti ṣa atẹ kan tán lórí tábìlì kẹta. Alhaja dúró lẹ́nu ọ̀nà.

“Dá tábìlì kẹrin padà sínú kọ̀ǹpútà rẹ.”

“Iṣẹ́ á falẹ̀, mà.”

“Jẹ́ kó falẹ̀.”

Moríkẹ́ dìde, ó jókòó sí tábìlì kẹrin, ó fa atẹ mìíràn mọ́ra, ó sì kọ àkókò sínú ìwé lábẹ́ orúkọ ọmọ rẹ̀. Kingsley bi Promise, tó ń di edé sínú ọ̀rá, pé èwo ni Rejoice nínú àwọn tó ń ṣa edé.

Promise fi ẹnu júwe òkun, níbi tí ọkọ̀ tó gbé Rejoice ti dojú dé lọ́dún méjì sẹ́yìn, tí ẹnikẹ́ni kò sì tíì rí òkú rẹ̀.