Leland Tó Gba Ìyìn Ara Rẹ̀ Gbọ́

Ẹ bá mi fara balẹ̀ ka ìtàn yìí tán o, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ pé ẹ mọ ibi tí owó wà.

Ní ìlú Duluth níbí, ní Amẹ́ríkà, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Leland Torvik. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa wádìí àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké tó ń ta ìpín fún ará ìlú, àwọn tí olówó ńlá New York kì í bojú wò. Kì í gbowó lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ kankan. Àwọn tó ń sanwó ka ìwé ìròyìn tó ń kọ ló ń bọ́ ọ. Kó tó kọ ohunkóhun, á wakọ̀ lọ síbẹ̀, á wo bí mọ́tò ṣe pọ̀ tó níta, á bá àwọn òṣìṣẹ́ jẹun ọ̀sán. Ìdí nìyẹn táwọn èèyàn fi gbà á gbọ́.

Ó wá rí ilé-iṣẹ́ kan ní ìpínlẹ̀ Wisconsin tó ń ṣe ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fún wàrà màlúù. Ó lọ wò ó, ó dára, ó kọ ọ́ síta. Àwọn òǹkàwé rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ra ìpín ibẹ̀. Ẹ gbọ́ mi dáadáa níbí: ìpín ilé-iṣẹ́ yẹn kéré lọ́jà débi pé bí ìwọ̀nba èèyàn bá rà á lẹ́ẹ̀kan náà, owó rẹ̀ á fò sókè. Ó sì fò.

Leland ní bó ṣe gòkè yẹn ló jẹ́rìí pé òótọ́ lòun sọ. Ló bá tún yìn ín. Wọ́n tún rà. Ó tún gòkè. Orí ọkùnrin yìí wú. Kò lọ sí Wisconsin mọ́. Ó ní kí lòun tún ń wá lọ.

Verna, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn ikú ìyá wọn, fẹ́ rà á pẹ̀lú. Opó ni. Owó tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ nìkan ló fi ń gbé inú ilé rẹ̀. Wọ́n ń mu kọfí lọ́wọ́ nígbà tó bi í léèrè.

"Leland, àwọn wo gan-an ló ń rà á?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ máa hun súwẹ́tà yín lọ, ẹ fi èyí sílẹ̀ fún mi."

Ó rẹ́rìn-ín. Verna náà rẹ́rìn-ín, ó sì kó gbogbo owó náà sí i.

Àṣé àwọn àgbẹ̀ ti ń ta màlúù wọn, wọn ò ra ẹ̀rọ mọ́. Ọjọ́ tí ilé-iṣẹ́ náà kéde àdánù, gbogbo èèyàn fẹ́ tà lẹ́ẹ̀kan náà. Ta ni yóò rà? Gbogbo ẹni tó lè rà á ti rà á tẹ́lẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ Leland. Ó ní kí Verna tètè tà, ṣùgbọ́n kó tó rí ẹni kan ṣoṣo tó máa rà á, ohun tó kù kò tó nǹkan. Ọ̀rọ̀ obìnrin yìí ń dùn mí títí dòní.

Verna ta ilé tí ọkọ rẹ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́. Ó kó lọ sí yàrá kan lókè ṣọ́ọ̀bù ìfọṣọ. Leland gbé páì lọ bá a. Verna gbà á, ó dúpẹ́, ṣùgbọ́n kò kúrò lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n wọlé."

"Àga kan ṣoṣo ló wà níbí, Leland. Máa lọ sílé."

Ó rọra ti ilẹ̀kùn. Leland jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó sunkún bí ọmọdé.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gba èèyàn nímọ̀ràn nípa owó, mo bẹ̀ yín: bí ohun tí ẹ yìn bá ń gòkè, ẹ kọ́kọ́ wò bóyá ẹ̀yin gan-an lẹ ń tì í gòkè. Ẹ padà lọ fojú yín wò ó. Ẹ má sì fi ẹni tó fọkàn tán yín ṣe yẹ̀yẹ́. Leland ṣì ń kọ̀wé o, àwọn kan ṣì ń kà á. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan ṣoṣo ni kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́.