Kúbùsù Tí Haleemah Kàn Mọ́ Ògiri

Bí ẹnìkan bá wúkọ́ nílé kejì, Lateefah kò ní sinmi títí yóò fi mọ ẹni tó wúkọ́ àti ohun tó jẹ tó fi wúkọ́. Obìnrin náà lawọ́, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Òwú, bọ́tìnnì àti síìpù ló ń tà lọ́jà Ọjúwóyè ní Muṣin, kò sì sí ẹni tó dé ìsọ̀ rẹ̀ tí kì í rí nǹkan fi panu. Àmọ́ alátojúbọ̀ ni, ìwà yìí ló sì bà á láyé jẹ́.

Nígbà tí ogun lé àwọn ìdílé kan kúrò ní Borno, tí wọ́n wá forí pamọ́ sí Muṣin, àwọn ará mọ́ṣáláṣí àdúgbò kó nǹkan jọ fún wọn. Àwọn kan gbé ìrẹsì wá, àwọn kan gbé gààrí. Ẹnìkan tilẹ̀ kó kúbùsù nínípọn wá, bí ẹni pé òtútù ń pa ará Èkó! Lateefah ni wọ́n ní kó máa pín oúnjẹ náà ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀.

Ọ̀rọ̀ Haleemah, ọ̀kan nínú àwọn tí ogun lé wá náà, ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn jù. Opó ọlọ́mọ mẹ́ta ni gbogbo ènìyàn mọ̀ ọ́n sí, yàrá kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù àwọn pánẹ́bítà ló sì ń gbé.

"Ẹ̀yin mélòó lẹ wà nílé?" Lateefah bi í.

"Márùn-ún ni wá, mà."

"Ìwọ àti ọmọ mẹ́ta, ṣebí mẹ́rin nìyẹn? Ta ni ìkarùn-ún?"

Haleemah tẹ orí ba. "Márùn-ún ni wá, mà."

Alhaja Saidat, Ìyá Àdínì mọ́ṣáláṣí, gbọ́ ọ. "Lateefah, a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Bù ú fún un."

"Ẹ̀gbọ́n, mi ò ka ọmọ. Ẹnu ni mo ń kà."

Ó bù ú fún un, àmọ́ ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó gba ẹ̀yìn ilé Haleemah kọjá, ó yọjú lójú fèrèsé. Hẹn-ẹ̀n! Kúbùsù tí wọ́n fi ta á lọ́rẹ, ó ti kàn án mọ́ ògiri yíká, nínú ooru Muṣin! Kí ni èèyàn ń fi irú èyí bò mọ́lẹ̀? Ó yà lọ́dọ̀ Tìrìmísíyù, pánẹ́bítà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fara kan ògiri yẹn.

"Àǹtí, mi ò mọ nǹkan kan o. Obìnrin yẹn kàn bẹ̀ mí pé kí n máa ta òun lólobó kí n tó lu irin."

"Kí ló dé?"

"Mi ò bi í."

Háà! Kò bi í! Lateefah wò ó bí ẹni wo wèrè. Kó tó di ọjọ́ Jímọ̀, ó ti sọ fún ìdajì ọjà pé ọ̀kan nínú àwọn tó ń jagun lọ́hùn-ún ni Haleemah gbé pamọ́, tó ń fi oúnjẹ sàráà bọ́. Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Lateefah ní bó jẹ́ ogún, òun á rí i.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí Haleemah lọ pọn omi, ó kó obìnrin méjì lẹ́yìn, ó fi òkúta lu ilẹ̀kùn páànù náà gbà-gbà-gbà. "Ìwọ tó o wà nínú ilé, jáde!" Ó fi agbára ti ilẹ̀kùn wọlé, ó tan iná fóònù sínú yàrá. Ọkùnrin kan tó rù kan eegun ló wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tó fi ọwọ́ méjèèjì di etí. Ọkùnrin náà lọgun, ó já láàárín wọn, ó sá bọ́ sí títì láìwọ bàtà.

Bí Haleemah ṣe dé tó rí ilẹ̀kùn ní ṣíṣí sílẹ̀, garawa bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ọkọ mi ni! Wọ́n yìnbọn pa àwọn àbúrò rẹ̀ lójú rẹ̀. Bí nǹkan bá ti dún báyìí, á ní wọ́n tún ti dé. Ó ní kí n má sọ fẹ́nikẹ́ni pé òun wà láàyè. Kúbùsù yín yẹn ni kì í jẹ́ kó gbọ́ ariwo irin. Oúnjẹ yín ló ń jẹ tó fi ń lókun. Láti ọjọ́ náà kò pe ọmọ kankan lórúkọ mọ́, àná ló ṣẹ̀ṣẹ̀ pe Abdulmuiz, ọmọ wa, lórúkọ!"

"Mi ò mọ̀ ni o," ni Lateefah wí.

"Ṣé dandan ni kẹ́ ẹ mọ̀ ni, mà?"

Ẹni tí ejò ti bù ṣán rí, bó bá rí ekòló, á sá. Gbogbo mọ́ṣáláṣí tú jáde, àwọn oníkẹ̀kẹ́ Márúwá wá ọkùnrin náà káàkiri. Jíbówú ni wọ́n ti rí i, lábẹ́ ọkọ̀ akérò kan. Ọ̀kadà ti gbá a, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kán. Ẹsẹ̀ náà san nígbà tó yá, àmọ́ kò tún pe orúkọ ọmọ kankan mọ́. Alhaja Saidat kó ìdílé náà lọ síbòmíràn, ó ń gbé oúnjẹ tọ̀ wọ́n lọ, kò sì jẹ́ kí Lateefah mọ ibẹ̀.

Wọ́n gba pínpín oúnjẹ lọ́wọ́ Lateefah. Ìyẹn kéré. Lọ́jà, ibi tó bá ti yọ, ọ̀rọ̀ á dákẹ́. Wọ́n á kí i, wọ́n á panu dé. Olófòófó ò gbẹgbàá, ibi ọpẹ́ ló mọ. Ti Lateefah kò tilẹ̀ dé ibi ọpẹ́.

Ó pẹ́ díẹ̀, oníbàárà kan wá ra òwú. "Ìyá àgbà, ẹ kú oríire ọmọ tuntun o! Mo gbọ́ pé Fadilah ti sọ ọmọ lórúkọ."

Fadilah, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo tó wà nílé ọkọ ní Ìlọrin! Lateefah pè é lórí fóònù kíákíá. "Fadilah, o lóyún, o bímọ, èmi ìyá rẹ ò gbọ́?"

"Màmá, ẹ má bínú. Oyún méjì ló ti bọ́ lára mi, ẹ sì sọ ọ́ fún gbogbo ọjà. Mo fẹ́ gbé èyí délẹ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni mọ̀."

Lateefah jókòó sídìí bọ́tìnnì rẹ̀, ó ń sunkún. Àwọn èrò ọjà ń kọjá lọ, wọ́n ń kọjá bọ̀. Kò sí ẹni tó bi í pé kí ló dé.

Ẹ̀yin tó ń gbọ́, ẹ fi èyí kọ́gbọ́n. Bí a bá fún ẹni tí ogun lé ní oúnjẹ, a kò fi ra àṣírí rẹ̀. Kúbùsù àti ìrẹsì lásán lè dá ọkùnrin padà sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀, àtojúbọ̀ ẹyọ kan sì lè tún lé e lọ. Ẹ ta wọ́n lọ́rẹ, ẹ máa ta wọ́n lọ́rẹ, nítorí ó ń ṣiṣẹ́ níbi tójú yín ò tó. Bí ọgbẹ́ ọkàn wọn bá jinná, àwọn fúnra wọn á sọ fún yín; bí wọn kò bá sì sọ, ẹ bu oúnjẹ fún wọn, kẹ́ ẹ kí wọn pé ó dàbọ̀.